Ọmọ Mélòó Ló Tó? Àgbéyẹ̀wò Àríyànjiyàn Lórí Ọmọ Bíbí àti Ọjọ́ Ọ̀la Nàìjíríà

Àwọn àgbà tó ní ọmọ laṣọ náà ló ní ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló dúró, kò sí èyí tó borí èkejì, ìdí sì nìyẹn tí kò fi rọrùn láti dájọ́ lórí iye ọmọ tó yẹ kí Nàìjíríà máa bí. Láti ọdún 1988 tí ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ti gbé ìlànà àkọ́kọ́ jáde lórí iye ènìyàn, tí ó sì dábàá ọmọ mẹ́rin fún obìnrin kan, ni àwọn onímọ̀, olórí ẹ̀sìn, olóṣèlú àti ẹgbẹ́ obìnrin ti ń jiyàn lé e lórí. Wọ́n tún ìlànà náà ṣe ní 2004, wọ́n tún un ṣe ní 2022, iyàn kò tán. Àwọn kan ní bíbí tí à ń bí ló ń sọ wá di òtòṣì. Àwọn kan ní àìtọ́jú ohun tí a bí ni. Àwọn mìíràn kò fẹ́ gbọ́ ìfètòsọ́mọbíbí sétí rárá, torí lójú tiwọn, ẹni tó bá pọ̀ ni yóò ni ìlú lọ́la.

Ọ̀rọ̀ náà ju ìṣirò lọ. Ó kan ohun tí à ń pè ní ìdílé, ó kan ẹni tí yóò sin òbí, ó kan ìpínlẹ̀ tí yóò gba àga púpọ̀ l'Ábùjá. Ó yẹ kí a tú gbogbo àpò náà sílẹ̀, kí a yẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ wò.

## Ohun tí ìṣirò ń sọ

Ìwádìí ìlera agboolé tí wọ́n ń pè ní NDHS ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbójú lé lórí iye ọmọ tí obìnrin ń bí. Ní 1990, ọmọ 6.0 ni ìpíndọ́gba fún obìnrin kan. Ó di 5.7 ní 2008, 5.5 ní 2013, 5.3 ní 2018, ó sì já sí 4.8 nínú ìwádìí 2023 sí 2024. Ó ń lọ sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìrìn ìgbín ni.

Ìpíndọ́gba a sì máa boni lójú. Nínú ìwádìí 2018, obìnrin ní ẹkùn àríwá ìwọ̀-oòrùn ń bí 6.6, ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ń bí 3.9. Ìpínlẹ̀ Katsina wà ní 7.3, Èkó wà ní 3.4. Obìnrin tí kò fojú kan ilé-ìwé ń bí 6.7, èyí tó kàwé kọjá girama ń bí 3.4. Ẹni tó bá ní àwọn ará Nàìjíríà ń bímọ jù, kó kọ́kọ́ sọ Nàìjíríà tó ń bá wí.

Iye gbogbo wa gan-an ni kò sẹ́ni tó mọ̀. 2006 ni a kà kẹ́yìn, a sì rí ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 140. Gbogbo iye tí à ń gbọ́ láti ìgbà náà, ìfojúdíwọ̀n ni. Ní 2019, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Nàìjíríà yóò tó mílíọ̀nù 733 ní ọdún 2100. Ní 2024, wọ́n ní mílíọ̀nù 477 ni. Láàárín ọdún márùn-ún péré, ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 250 tí a kò tíì bí ti pòórá lórí ìwé. Kì í ṣe pé àwọn oníṣirò ń purọ́. Bí ọmọ tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ń bí bá fi ìdajì ọmọ kan péré dín lónìí, ìyàtọ̀ kékeré náà yóò máa bí sí i láti ìran dé ìran títí yóò fi di odidi orílẹ̀-èdè. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí gbogbo àwọn tí a fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn yìí ló ń fi nọ́ḿbà ju ara wọn lókò.

## "Ilẹ̀ kò gbà wá mọ́"

Thomas Malthus, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló la ọ̀nà yìí ní 1798: ènìyàn ń yára pọ̀ ju oúnjẹ lọ, bí wọn kò bá sì kó ara wọn níjàánu, ìyàn àti àrùn ni yóò bá wọn dín ara wọn kù. Ọmọ èrò yìí ni ìlànà 1988. Ìmọ̀ràn tí Ààrẹ Goodluck Jonathan gba ará ìlú ní 2012, pé kí kálukú bí ìwọ̀nba tí apá rẹ̀ ká, kò jìnnà sí i.

Ohun tó mú un lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ohun tí ojú ń rí: yàrá ìkàwé tí àwọn ọmọ ti ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, oko bàbá tí wọ́n ti pín títí kò fi tó ohun tí ẹnìkan ń dá mọ́, ìjà àgbẹ̀ àti darandaran lórí pápá àti omi. Ohun tó sì mú un lẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀ ni pé àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kì í ṣẹ. England tí Malthus ń bẹ̀rù fún kò jìyà ìyàn tó sọ. Ní 1968, Paul Ehrlich, onímọ̀ ẹ̀dá alààyè ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ènìyàn ni ebi yóò pa ní àwọn ọdún 1970. Irúgbìn tuntun tó ń so wọ̀ǹtìwọnti dé sí Éṣíà, kò rí bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè Netherlands sì fún ju Nàìjíríà lọ ní ìlọ́po méjì, síbẹ̀ ó wà lára àwọn tó ń ta oúnjẹ jù lọ sókè òkun. Bí ilẹ̀ nìkan bá ni ọ̀rọ̀, ó yẹ kí ebi ti pa wọ́n tán.

## "Ènìyàn lọrọ̀"

Àwọn tó dojú kọ Malthus ní ọwọ́ àti ọpọlọ ni ọmọ ń mú wá sáyé pẹ̀lú ẹnu. Ester Boserup, obìnrin onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Denmark, kọ ọ́ ní 1965 pé bí ènìyàn bá ti pọ̀ lórí ilẹ̀ ni àgbẹ̀ ń wá ọgbọ́n tuntun: á kúrò nídìí dídá ilẹ̀ sí fún ìgbà pípẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbẹ́ ẹran bọ́ ọ, á wa omi wọ oko. Julian Simon, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà, gbé e kọjá ibẹ̀ ní 1981, ó ní kò sí ọrọ̀ mìíràn tó ju ènìyàn fúnra rẹ̀ lọ. Òun àti Ehrlich ti ta tẹ́tẹ́ lórí iye owó irin márùn-ún ní 1980; nígbà tó fi di 1990, owó irin ti wálẹ̀, Ehrlich sanwó. (Àwọn tó tún un ṣírò ní bó bá jẹ́ ọdún mẹ́wàá mìíràn ni wọ́n yàn, ó ṣeé ṣe kí Simon ni yóò sanwó. Tẹ́tẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí.)

Ní Nàìjíríà, ọjà ni àwọn onírú èrò yìí máa ń tọ́ka sí. Ta ni ìbá kọ́ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí yóò rà á? Ta ni ìbá gbọ́ orin wa tàbí wo fíìmù wa káàkiri ayé bí àwa fúnra wa kò bá kọ́kọ́ pọ̀ tó láti fi ẹsẹ̀ iṣẹ́ náà múlẹ̀? Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyípadà tí Boserup ń sọ gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Orílẹ̀-èdè tí ènìyàn rẹ̀ ń di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọdún kì í fún àgbẹ̀ láàyè kó kọ́ ọgbọ́n ọ̀hún tán. Ọpọlọ tí kò rí ilé-ìwé, tí kò rí iná mànàmáná, ẹnu nìkan ni ó kù.

## Èrò tó jáde láti Ìbàdàn

Ìpín èrò kan wà tí ó yẹ kí àwa Yorùbá mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, torí ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti rí i. Ní àwọn ọdún 1970, John Caldwell, ọmọ Australia, àti ìyàwó rẹ̀ Pat, ṣe ìwádìí lórí ìdílé Yorùbá láti Ìbàdàn. Ìbéèrè tí wọ́n bá wá kò le: láàárín òbí àti ọmọ, ọ̀dọ̀ ta ni ọrọ̀ ń ṣàn lọ? Ní 1976, Caldwell gbé ìdáhùn jáde. Níbi tí ọmọ ti ń pọn omi, tó ń kiri ọjà, tó ń ro oko, tó ń fi owó ránṣẹ́ bó bá dàgbà, tó sì ń sin òbí rẹ̀ bó bá kú, bíbí ọmọ mẹ́jọ kì í ṣe àìgbọ́n. Ọgbọ́n ni. Ìgbà tí ilé-ìwé dé, tí ọmọ kò lè kiri ọjà mọ́, tó jẹ́ òun ni wọ́n ń ra ìwé, aṣọ àti bàtà fún, ni ọrọ̀ yí ojú sísàn rẹ̀ padà, tí òbí sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí èrò yìí ṣe tó tóbi ni pé ó gba àgbẹ̀ àti ìyá ọlọ́jà lọ́wọ́ ẹ̀gàn. Ṣáájú rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ òkè òkun ń sọ ni pé àìmọ̀kan ló ń mú ọmọ adúláwọ̀ bímọ púpọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ ní láti kọ́kọ́ ṣírò èrè àti àdánù ọmọ lójú ẹni tó bí i.

Ìwádìí kejì wọn, tó jáde ní 1977, tún kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi hàn pé obìnrin Yorùbá kì í sún mọ́ ọkọ lẹ́yìn ìbímọ fún ìgbà pípẹ́, nígbà mìíràn títí di ọdún mẹ́ta. Ìtìjú ni fún ìyá tó bá tún lóyún kí ó tó já èyí tó ń tọ́ lẹ́nu ọmú, torí ìgbàgbọ́ wà pé ó ń ba omi ọmú jẹ́, ó sì lè gba ẹ̀mí ọmọ. Ìyá a máa kó lọ sí ilé ìyá rẹ̀, tàbí kó gba ìyá ọkọ sí yàrá. Ìfètòsọ́mọbíbí wà nínú ilé kí ẹnikẹ́ni tó gbé oògùn dé. Ẹni tó bá ń fi àṣà lòdì sí ìfètò ní iṣẹ́ láti ṣe níhìn-ín, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fi ọ̀làjú gbè é lẹ́yìn náà ṣe ní: ilé-ìwé, wàrà inú agolo àti ilé tí ọkọ àti aya nìkan ń gbé ló gé ọdún mẹ́ta náà kúrú. Ọ̀làjú lè kọ́kọ́ mú kí ọmọ pọ̀ sí i kó tó mú un dín.

Ibo ni èrò Ìbàdàn ti ń tiro? Àwọn tó jókòó ṣírò ohun tí ọmọ ń jẹ àti ohun tó ń mú wá ní àwọn àwùjọ kan rí i pé àní níbi tí wọ́n ti ń bí púpọ̀, òbí ni ó ń náwó jù. Owó sì kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bí ọmọbìnrin márùn-ún tó tún ń wá ọmọkùnrin kò jókòó ti ìwé ìṣirò. Ìṣòro kẹta wà tí ìgbà tiwa mú dé: ọmọ kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí wọ́n ta ilẹ̀ rán lọ, lè máa fi owó ránṣẹ́ wálé ju ohun tí ọmọ mẹ́fà ìbá mú wá. Ọrọ̀ ṣì ń ṣàn sókè sọ́dọ̀ òbí, síbẹ̀ ọmọ ti dín. Caldwell kò rí ìyẹn ṣáájú.

Ohun kan tún so mọ́ èyí. Orúkọ bíi Málọmọ́, Kòkúmọ́ àti Dúrójayé jẹ́ àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rù. Ẹni tí ikú ń já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ a máa bí sí i kó má baà ṣófo. Nínú ìwádìí 2018, nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà, 132 kò pé ọdún márùn-ún. Ó di 110 nínú ti 2023 sí 2024. Àwọn tó dúró lórí ẹ̀rí yìí ní kí ìjọba gba ẹ̀mí ọmọ là, òbí yóò fúnra wọn dín bíbí kù. Ìtàn ayé gbè wọ́n lẹ́yìn dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀, ìran kan gbáko ló máa ń wà láàárín ìgbà tí ikú ọmọ bá rọ̀ àti ìgbà tí òbí bá gbà pé ó ti rọ̀.

## Ọwọ́ ìyá

Ìpàdé àgbáyé tó wáyé ní Cairo ní 1994 ló yí ọ̀rọ̀ kúrò lórí iye ènìyàn sórí ẹ̀tọ́ obìnrin. Àwọn tó tẹ̀ lé e ní kí ẹ dákẹ́ sísọ iye ọmọ, kí ẹ rán ọmọbìnrin lọ sílé-ìwé, kí ẹ má fi í fọ́kọ kó tó dàgbà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó rí ohun ìfètò gbà níbi tó bá fẹ́. Wọ́n ti ní ẹjọ́ tí wọ́n bá ìlànà 1988 ṣe: ọmọ mẹ́rin fún obìnrin kan ni ìjọba kọ sílẹ̀, kò sọ iye tí ọkùnrin kan lè bí. Ọkùnrin tó ní ìyàwó mẹ́rin yóò bí mẹ́rìndínlógún láìrú ìlànà rárá.

Ìyàtọ̀ 6.7 àti 3.4 tí a rí lókè ni ọ̀kọ̀ wọn, ó sì mú. Àmọ́ ọmọbìnrin tó kàwé sábà máa ń jẹ́ ọmọ ìlú ńlá, ọmọ olówó, ọmọ ìyá tó kàwé. Èwo nínú wọn ló dín ọmọ rẹ̀ kù? Àríyànjiyàn tó le jù níhìn-ín wà láàárín àwọn ará ilé kan náà. Lant Pritchett, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, sọ ní 1994 pé iye ọmọ tí ènìyàn bá fẹ́ ni ó ń bí, pé pípín oògùn ìfètò kò yí i padà púpọ̀. John Bongaarts, onímọ̀ nípa iye ènìyàn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ takò ó: ọ̀pọ̀ obìnrin kò fẹ́ oyún mọ́ ṣùgbọ́n wọn kò rí ọ̀nà. Ẹ̀rí wọn ni Matlab ní Bangladesh, níbi tí wọ́n ti ń gbé ohun ìfètò lọ bá obìnrin nílé láti 1977, tí bíbí sì dín níbẹ̀ ju ní àwọn abúlé tó múlé gbè é lọ.

Nàìjíríà fi ẹ̀rí fún ẹgbẹ́ méjèèjì. Ní 2018, ìdá 12 péré nínú 100 obìnrin tó wà nílé ọkọ ló ń lo ọ̀nà ìfètò ìgbàlódé, ìdá 19 sì fẹ́ fi àyè sí i tàbí kí wọ́n dáwọ́ dúró, síbẹ̀ wọn kò lo ohunkóhun. Bongaarts rí ọ̀rọ̀ sọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bi wọ́n ní iye ọmọ tó wù wọ́n, ti obìnrin lé ní mẹ́fà, ti ọkùnrin lé ní méje, bẹ́ẹ̀ 5.3 ni wọ́n ń bí. Orílẹ̀-èdè tó ń fẹ́ ju ohun tó ń bí lọ kò lè sọ pé àìrí oògùn ni gbogbo ìṣòro rẹ̀. Lójú tèmi, Pritchett ló borí nínú ìpíndọ́gba, Bongaarts ló borí lọ́dọ̀ obìnrin kọ̀ọ̀kan tó ń wá ọ̀nà tí kò rí.

## Ìdílé, àṣà àti ẹ̀sìn

Fún àwọn tó wà ní ìpín yìí, ìwà ni ìbéèrè, kì í ṣe iye. Wọ́n ní ọmọ ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, ìfètò yóò sì ṣí ọ̀nà fún ìṣekúṣe, yóò tú ìdílé ká. Ìjọ Àgùdà kọ ohun ìfètò sílẹ̀ nínú ìwé tí Póòpù Paul Kẹfà gbé jáde ní 1968. Ìjọ Áńgílíkà ti gbà á láàyè fún tọkọtaya láti 1930. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ọ̀pọ̀ onímọ̀ fàyè gba kí ọkọ fà sẹ́yìn kó tó dà á sílé, wọ́n sì gbé ọ̀nà ìgbàlódé kan lé e lórí. Àwọn mìíràn kò gbà.

Ìfura ni ọ̀rọ̀ tó wúwo jù ní àríwá. Ní 2003, Kano dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró torí ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn pé àwọn òyìnbó fẹ́ fi sọ ọmọbìnrin di àgàn. 2004 ni wọ́n tó padà sí i. Ṣùgbọ́n Kano náà ni Sanusi Lamido Sanusi ti sọ ní 2017, gẹ́gẹ́ bí ọba ìlú náà, pé kí òfin dá ọkùnrin tí apá rẹ̀ kò ká ìyàwó kan dúró kó má tún fẹ́ òmíràn. Ẹ̀sìn kò sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kan. Iran kò kúrò lábẹ́ àwọn àlùfáà Ìsìláàmù nígbà tó mú bíbí wálẹ̀ láti ohun tó lé ní mẹ́fà sí nǹkan bíi méjì láàárín ogún ọdún. Àwọn àlùfáà náà ló fọwọ́ sí i.

Agbára ìpín yìí ni pé ó mọ̀ pé òfin kì í wọ yàrá. Ẹni tí ará ìlú bá fọkàn tán ni wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lo King Sunny Adé àti Onyeka Onwenu láti kọrin ìfètò ní 1989 dípò kí wọ́n rán dókítà. Àìlera rẹ̀ ni pé ó ń ṣa àṣà jẹ. Ó ń rántí pé a ń bímọ púpọ̀, ó ń gbàgbé pé a ń fi àyè sí i. Ohun kan sì wà tí ìpín yìí rí tí àwọn yòókù fojú fò: obìnrin tí kò rí ọmọ bí. Gbogbo ètò ìjọba ń sọ bí a ó ṣe dín ọmọ kù, ẹni tó ń lọ láti ilé ìwòsàn dé orí òkè àdúrà nítorí ọmọ kan ṣoṣo kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

## Orí kíkà àti ààbò

Ọ̀rọ̀ ààbò ní ojú méjì. Àkọ́kọ́ ni ti agbára láàárín ẹkùn. Òfin fi iye ènìyàn pín àga 360 ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, iye ènìyàn sì ni wọ́n fi ń pín ìdá 30 nínú 100 owó tó ń lọ sí àwọn ìpínlẹ̀ láti àpò àpapọ̀. Kò yani lẹ́nu pé kò sí ìkànìyàn tí kò dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n fagi lé ti 1962. Ti 1963 mú mílíọ̀nù 55.7 wá, gúúsù ń kùn. Wọ́n fagi lé ti 1973. Ti 2006 fún Kano ní mílíọ̀nù 9.4, ó fún Èkó ní 9.1, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ka tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó ní mílíọ̀nù 17.5. Wọ́n tún sún èyí tó yẹ kó wáyé ní 2023 síwájú.

Inú èyí ni ìpayà kan ti jáde tí a ń gbọ́ nílẹ̀ Yorùbá àti ní ìlà-oòrùn: bí àwa bá ń bí mẹ́rin, tí àwọn ará àríwá ń bí méje, ta ni yóò máa yan ààrẹ? Ìpayà náà kì í ṣe ìranù, torí ìṣirò ìbò ni ìṣirò ìbò. Ṣùgbọ́n ó ní àlébù tí àwọn tó ń sọ ọ́ kì í wò. Ohun tí òfin wa ń san owó fún ni orí tí wọ́n kọ sílẹ̀, kì í ṣe orí tí wọ́n bí. Ẹni tó bá fẹ́ pọ̀ lórí ìwé ní ọ̀nà tó yá ju oyún lọ. Kò sì sí ìyá tó ń rọbí nítorí owó àpapọ̀. Títí a ó fi rí ìkànìyàn tí gbogbo ẹkùn gbà, iyàn lórí ta ló pọ̀ ju ta lọ kò ní nǹkan tó dúró lé.

Ojú kejì ni ti àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́. Àwọn onímọ̀ kan rí i pé orílẹ̀-èdè tí ọ̀dọ́ pọ̀ sí jù a máa rí ogun abẹ́lé ju àwọn yòókù lọ, wọ́n sì ń fi Boko Haram àti àwọn agbébọn ṣe àpẹẹrẹ. Àmọ́ orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló kún fún ọ̀dọ́ tí ìbọn kò dún níbẹ̀. Ọjọ́ orí nìkan kì í gbé ìbọn. Ìjọba tí kò sí ní abúlé náà wà nídìí rẹ̀.

## Èrè tó wà fún ìgbà díẹ̀

Ìpín èrò yìí ni àwọn iléeṣẹ́ ìjọba fẹ́ràn jù lónìí. Bí bíbí bá dín kíákíá, àwọn tó lè ṣiṣẹ́ á pọ̀ ju ọmọdé àti arúgbó tí wọ́n ń bọ́ lọ fún bí ọgbọ̀n ọdún, ọrọ̀ á sì ga. David Bloom àti Jeffrey Williamson, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ṣírò rẹ̀ ní 1998 pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìdàgbàsókè ìlà-oòrùn Éṣíà ló ti inú àyè yìí jáde. Ó dára lórí ìwé. Bí iṣẹ́ kò bá sí, àyè náà yóò ṣí, yóò tún padé, kò ní mú nǹkan wá.

## Ẹ̀rù tó wà lápá kejì

Àwọn kan ń kìlọ̀ pé ohun tí ayé ń bẹ̀rù báyìí ni àìbímọ. South Korea tó ń bí nǹkan bíi mẹ́fà ní 1960, tí ìjọba rẹ̀ ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n dín in kù, bọ́ sí 0.72 ní 2023. Hungary ń yá tọkọtaya lówó, ó sì mú owó orí kúrò fún ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin ní gbogbo ìgbà ayé rẹ̀; bíbí gòkè láti 1.23 ní 2011 dé 1.6 ní 2021, ó sì tún ti já wálẹ̀. Romania fi òfin de oyún ṣíṣẹ́ ní 1966, bíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì lọ́dún kejì, lẹ́yìn náà ó rọ̀ padà, obìnrin púpọ̀ sì kú sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ ẹ ní kọ̀rọ̀. Iran tó dín in kù tún ṣòfin ní 2021 láti mú un pọ̀ sí i. Brazil kò ní ìlànà ìjọba kankan tó ní kí ènìyàn dín ọmọ kù, síbẹ̀ ó lọ láti nǹkan bíi mẹ́fà ní 1960 sí 1.55 nínú ìkànìyàn 2022.

Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ Nàìjíríà ni pé kí ó ṣọ́ra fún ìlànà tó ń sáré, torí bíbí tó bá lọ sílẹ̀ kì í gbọ́ ìpè ìjọba mọ́. Ẹ̀kọ́ gidi ni. Àmọ́ lẹ́nu orílẹ̀-èdè tó ń bí 4.8, ó dà bí ẹni tó ń ra agbòjò ní oṣù kìíní. Ibi tí ó ti lè kàn wá kíákíá ni Èkó àti àwọn ìlú Yorùbá tó yí i ká, níbi tí ọmọ ti ń dín, tí àwọn ọ̀dọ́ tó kù sì ń japa.

## Ohun tí kò tíì yanjú

Iye wa ni àkọ́kọ́, kò sì sí ìdáhùn sí ìbéèrè yòókù bí a kò bá mọ̀ ọ́n.

Ìwálẹ̀ láti 5.3 sí 4.8 láàárín ọdún márùn-ún jẹ́ ìwálẹ̀ tó yá jù tí a tíì rí láti 2008. Ṣé àwọn tọkọtaya ti yí ọkàn padà ni, àbí ọ̀wọ́n gógó ọjà ló mú kí wọ́n sún un síwájú? Ẹni tó sún un síwájú ṣì lè bí i. Ìwádìí méjì mìíràn ni yóò sọ.

A kò mọ̀ bóyá àríwá yóò gba ojú ọ̀nà tí gúúsù ìwọ̀-oòrùn gbà, ìyẹn ilé-ìwé ọmọbìnrin àti ìlú ńlá, tàbí yóò gba ti Iran, níbi tí ẹnu àlùfáà ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ọkùnrin ṣì ni ojú tí ìwádìí kò tíì kàn dáadáa. Wọ́n ń fẹ́ ọmọ ju ìyàwó wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ìyá ni gbogbo ètò dojú kọ. Kí ló ń mú ọkùnrin sọ pé ó tó?

Ìbéèrè tí èrò Ìbàdàn fi sílẹ̀ láti 1976 náà wà níbẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn tó wà ní iléeṣẹ́ tó ní ìwé. Alágbàṣe, ọlọ́jà, àgbẹ̀ àti awakọ̀ kò sí nínú rẹ̀ bí kò ṣe díẹ̀. Ọmọ ṣì ni owó ìfẹ̀yìntì wọn. Bí ọmọ bá wá di méjì, tí ọ̀kan wà ní Canada, ta ni yóò gbé ìyá lọ sílé ìwòsàn lóru?